Kúkì óòtì oníṣokoléètì àti tọ́fì nínú ooru Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ àbúrò mi ń ṣègbéyàwó ní Sákété lóṣù tó ń bọ̀, ìpápánu tí wọ́n máa pín fún àlejò sì ti já lé mi léjìká. Ìyàwó ò fẹ́ ṣinṣin, kò sì fẹ́ kéèkì. Kúkì óòtì ló ń fẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ègé ṣokoléètì sí, tí wọ́n sì tún ń fi tọ́fì alábọ́tà sí láàárín. Ó jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti Kánádà dé, àtìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti kúrò níbẹ̀.

Mo máa ń yan kéèkì nílé, ófùn onígáàsì ni mo ní, àmọ́ nọ́ńbà ara ohun tí wọ́n fi ń yí iná rẹ̀ ti pa rẹ́ pátápátá. Fíríìjì wà, iná sì ń lọ ń bọ̀ bí gbogbo wa ṣe mọ̀. Óòtì wo ni kí n rà? Bọ́tà kì í pẹ́ yọ́ lórí tábìlì níbí, báwo ni mo ṣe fẹ́ pò ó mọ́ ṣúgà? Tọ́fì ńkọ́, ṣé kí n rà á ni àbí kí n sè é? Mo ti rí tọ́fì aládùúgbò mi kan tó le dáadáa lálẹ́, tó sì ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Olùyan Ouando

Ẹ kú ìnáwó, ìyá mi. Ẹ̀yin náà á ṣe tàwọn ìbejì.

Ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà, torí òun ló ń ba kúkì yìí jẹ́ níbí ju ohunkóhun lọ. Àwọn tó ń kọ bí a ṣe ń ṣe é sára páálí máa ń ní ká gbé bọ́tà sílẹ̀ nínú yàrá kó rọ̀. Yàrá tí wọ́n ní lọ́kàn kì í gbóná ju nǹkan bí 20 °C lọ. Ní Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án, ooru máa ń tó 30 °C tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 32 °C ni bọ́tà gidi ti ń di òróró. Bọ́tà tó bá ti yọ́ kì í gba afẹ́fẹ́ sínú nígbà tá a bá ń pò ó mọ́ ṣúgà. Tí ẹ bá gbé irú rẹ̀ wọ ófùn, kúkì á tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo wọn á sì so pọ̀ mọ́ra lórí páànù.

Nítorí náà, ẹ mú bọ́tà jáde láti inú fíríìjì, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Kí ojú ìka hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìka má lè rì wọlé. Ìgbà yẹn gan-an ló tó ó pò. Ẹ pò ó mọ́ ṣúgà títí tó fi máa funfun díẹ̀ tó sì máa fúyẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti ń dán bí òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ẹ gbé abọ́ náà sínú omi yìnyín fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Èyí tí mo ń lò fún kúkì bí mẹ́rìnlélógún rèé, ẹ lè sọ ọ́ di ìlọ́po mélòó tẹ́ ẹ bá fẹ́: bọ́tà gíráàmù 120, ṣúgà pupa gíráàmù 100, ṣúgà funfun gíráàmù 40, ẹyin kan, ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 100, óòtì gíráàmù 140, bicarbonate (sódà tí wọ́n fi ń yan kéèkì) ìdajì ṣíbí tíì, iyọ̀ díẹ̀, ìdajì àpò ṣúgà onífànílà (àpò kékeré tó jẹ́ gíráàmù 7.5 yẹn), ṣokoléètì gíráàmù 90, tọ́fì gíráàmù 70. Ẹ má ṣe fi ṣúgà kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tọ́fì fúnra rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ṣúgà.

Lẹ́yìn bọ́tà àti ṣúgà, ẹyin àti fànílà ló kàn. Ẹ ti ku ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ bicarbonate àti iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìyẹ̀fun bá ti wọ inú abọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ ìpo tì, ṣíbí onígi ló kù. Bí a bá ń po ìyẹ̀fun àlìkámà jù, ṣe ló ń fà, kúkì á wá le. Óòtì ló máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ṣokoléètì, tọ́fì lẹ́yìn pátá.

Ẹ wá bo àpòpọ̀ náà, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ó kéré tán wákàtí kan. Kó sùn mọ́jú níbẹ̀ ló dára jù. Óòtì á ráyè mu omi inú rẹ̀, bọ́tà á le padà, kúkì ò ní tẹ́, adùn rẹ̀ á sì jinlẹ̀ sí i. Bí iná bá lọ, kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kan náà, kẹ́ ẹ ṣáà ti fi ọ̀rá wé abọ́ náà kí omi má bàa dé ibẹ̀.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n fèsì lórí óòtì.

Oríṣi tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà pọ̀. Èyí tí wọ́n fi odidi rẹ̀ tẹ̀ pẹlẹbẹ, tẹ́ ẹ lè fi ojú rí wóró kọ̀ọ̀kan, òun ni kẹ́ ẹ rà. Òun ló ń jẹ́ kí kúkì ní nǹkan tí eyín máa rí jẹ. Èyí tí wọ́n gé kéékèèké kó lè tètè jinná ṣeé lò bí kò bá sí òmíràn, ṣùgbọ́n kúkì rẹ̀ máa ń rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń dà bíi kéèkì. Èyí tó wà nínú àpò kékeré tí wọ́n ti po wàrà àti ṣúgà mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ mu ún láàárọ̀.

Púpọ̀ nínú agolo tí à ń rà ní Kétu ló ń ti Nàìjíríà gba Ìlárá wọlé. Ẹ wo déètì ìsàlẹ̀ agolo, ẹ ṣí i, ẹ da díẹ̀ sórí àwo funfun. Bí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀ ẹ máa rí i tó ń rìn. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Óòtì ní òróró tirẹ̀ nínú, bó bá ti pẹ́ nínú ooru ó máa ń kan, ó sì máa ń korò lẹ́nu. Kò sí ṣúgà tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ohun kan tí mi ò lè fò: ẹ yan óòtì náà gbẹ nínú páànù kẹ́ ẹ tó pò ó. Iná díẹ̀, láìsí òróró, kẹ́ ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún títí òórùn rẹ̀ á fi gba gbogbo ilé ìdáná. Kó tutù pátápátá kó tó wọ inú bọ́tà. Ẹni tó bá ti jẹ kúkì tí wọ́n yan óòtì rẹ̀ báyìí kò ní fẹ́ padà sí èkejì.

Tantí Ṣokoléètì

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dandan ni kẹ́ ẹ rí ègé ṣokoléètì tó ti wá ní wóró. Ruth Wakefield tó gbé kúkì oníṣokoléètì jáde ní Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1930 sí 1939, ọ̀pá ṣokoléètì ló gé wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn tí tirẹ̀ ti gbayì ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó ní wóró.

Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì o. Bọ́tà kòkó tó wà nínú wóró kò pọ̀ tó ti ọ̀pá, ìyẹn ló fi máa ń dúró nínú ófùn láìyọ́ tán. Ọ̀pá máa ń yọ́ tẹ́ rẹrẹ sínú kúkì, èmi sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Bọ́tà kòkó ń yọ́ ní nǹkan bí 34 °C, nítorí náà ẹ gbé ọ̀pá yín sínú fíríìjì kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ lo ọ̀bẹ ńlá, kẹ́ ẹ sì gé e láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó ràn. Èyí tó dúdú, tó korò díẹ̀, ló bá tọ́fì mu. Bẹ́ ẹ bá fi èyí tó ní wàrà púpọ̀ pọ̀ mọ́ tọ́fì, àdídùn ni gbogbo rẹ̀, ẹnu á tètè sú èèyàn.

Aládùn Àjàrá

Tọ́fì lẹ béèrè, tọ́fì niṣẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ dáadáa.

Ẹ sè é fúnra yín. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tó le, tó ń dán, tí kò sí bọ́tà kankan nínú rẹ̀: ṣúgà àti àwọ̀ ni. Èkejì ni èyí tó rọ̀ tó ń fà lẹ́nu. Nínú ófùn, èyí tó ń fà yẹn á yọ́, bó bá sì tutù á le débi tí yóò máa fa eyín àgbàlagbà. Ẹ rántí pé àwọn àgbà máa wà níbi ìgbéyàwó.

Bọ́tà gíráàmù 100, ṣúgà funfun gíráàmù 100, omi ṣíbí ìjẹun kan, iyọ̀ díẹ̀. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn ni kẹ́ ẹ lò, torí èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́ máa jó níbì kan kí ibòmíràn tó gbóná. Iná kó má pọ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò pọ̀, ẹ máa rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ pẹ̀lú ṣíbí onígi.

Ó máa kọ́kọ́ hó, ó máa funfun, ó sì máa yọ fóòmù. Omi ló ń lọ yẹn. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ariwo híhó rẹ̀ á yí padà, á wá wúwo, á sì lọ́ra. Àwọ̀ rẹ̀ á di ti iyeyè, láti ibẹ̀ á máa pọ́n bọ̀. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ rárá lásìkò yìí, ẹ má gbé fóònù. Láti ìgbà tó bá ti dé àwọ̀ oyin dé ìgbà tó máa jó, kò gba ìṣẹ́jú kan tán. Ẹni tó ní tẹmómítà, 150 °C ni kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó gbé ife omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó kán díẹ̀ sínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, tẹ́ ẹ sì ṣẹ́ ẹ, kó ró pọ́. Bó bá ṣì ń tẹ̀, kò tíì tó. Ẹ dá a padà sórí iná.

Nígbà mìíràn, ẹ máa rí i tí bọ́tà yóò yà sọ́tọ̀ kúrò lára ṣúgà, tí òróró yóò léfòó sókè. Iná tó pọ̀ lójijì ló sábà máa ń fà á. Ẹ dín iná kù, ẹ bu omi gbígbóná ṣíbí kan sí i, ẹ máa rò ó gidigidi, yóò so pọ̀ padà. Ẹ yẹra díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń bu omi náà, torí ó máa ta.

Ẹ tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń yan nǹkan sórí páànù, èyí tí wọ́n kọ *papier sulfurisé* sí lára. Ẹ da tọ́fì lé e, kó má nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Bó bá tutù, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ fi ọmọ odó lù ú jẹ́jẹ́. Kí ègé rẹ̀ má ju ẹ̀pà lọ. Ẹ wá sẹ́ ẹ nínú asẹ́, kí ìyẹ̀fun tọ́fì tó wà níbẹ̀ jáde. Ìyẹ̀fun yẹn ló ń yọ́ nínú ófùn tó ń jẹ́ kí kúkì tẹ́ tó sì ń lẹ̀ mọ́ páànù. Ẹ fi í sínú tíì tàbí kókó, kò ṣe é dànù.

Ní ti tọ́fì aládùúgbò yín tó rọ̀ lóru, ọ̀rinrin ni. Ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà sì kún fún omi. Ẹ má ṣe sè é lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ tàbí tí ojú ọjọ́ ṣú. Ẹ sè é lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú. Bó bá ti tutù, kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó ti wọ inú ìgò tí ideri rẹ̀ le. Ẹ di ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ sínú aṣọ kékeré, ẹ fi sínú ìgò náà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, iṣẹ́ yìí máa ń rọrùn gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé àwọn ọmọ kúrò nídìí iná. Tọ́fì tó ń hó gbóná ju omi tó ń hó lọ jìnnà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni, omi tútù ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi bọ́tà pa á, ẹ má fi epo pa á.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Aládùn, ti ọ̀rinrin yẹn tú mi lójú.

Mo ṣì ní ìbéèrè. Bọ́tà gidi wọ́n. Ṣé màgàríìnì ò lè ṣe é? Àti pé ófùn mi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́ yẹn, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbóná tó?

Ìyá Sábẹ̀

Màgàríìnì ń ṣe é, ìyá mi. Òun ni mo ń lò, àwọn èèyàn sì ń jẹ ẹ́.

Olùyan Ouando

Ìyá Sábẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó dá lórí èyí tí wọ́n rà. Ẹ yí ike rẹ̀ padà, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rá (*matière grasse*) 80 % sí i, ó lè rọ́pò bọ́tà nínú àpòpọ̀, torí bọ́tà náà kò ju nǹkan bí 82 % lọ. Bí wọ́n bá kọ *allégée* sí i, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 40 tàbí 60, omi ló kún inú rẹ̀. Ó dára láti fi pa búrẹ́dì. Kúkì rẹ̀ á tẹ́, tọ́fì rẹ̀ ò sì ní so.

Bí owó bá ń ro yín, ẹ pín in sí méjì. Bọ́tà àti màgàríìnì olọ́ràá 80 % ní ìdajì ìdajì fún àpòpọ̀. Fún tọ́fì, bọ́tà gidi nìkan. Tọ́fì kò ní nǹkan mìíràn tó ń fún un ládùn.

Ìyá Sábẹ̀

Mo gbà fún yín lórí ti tọ́fì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti kajú kún un. Lọ́dọ̀ wa ní Sábẹ̀, kajú kì í ṣe ohun àjèjì, ọ̀pọ̀ ilé ló ní igi rẹ̀ lóko. Ẹ yan án títí yóò fi pọ́n díẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ fi gíráàmù 50 sí i, kẹ́ ẹ sì yọ gíráàmù 20 kúrò nínú tọ́fì. Adùn rẹ̀ á wà ní déédéé, owó tọ́fì á sì dín kù. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ọ̀rá kúkì náà gbangba pé kajú wà nínú rẹ̀, torí àwọn kan wà tí ara wọn ò gbà á, ó sì lè pa èèyàn.

Bẹ́ ẹ ò bá rí ṣúgà pupa, ẹ lo ṣúgà funfun gíráàmù 120 lápapọ̀ pẹ̀lú oyin ṣíbí ìjẹun kan. Oyin máa ń jẹ́ kí kúkì tètè pọ́n, nítorí náà ẹ dín ooru kù díẹ̀. Ohun tó fà á tí mo fi mẹ́nu kan oyin ni pé bicarbonate ń fẹ́ nǹkan tó kan díẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ó wà nínú ṣúgà pupa, ó wà nínú oyin, kò sí nínú ṣúgà funfun. Bó bá jẹ́ ṣúgà funfun nìkan lẹ ní, ẹ fi bicarbonate sílẹ̀ kẹ́ ẹ lo *levure chimique* (báákìn páódà), ṣíbí tíì kan àtààbọ̀ dípò ìdajì. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti bicarbonate lọ.

Ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti ófùn kù, àbí?

Ìyá Ìbejì, ṣúgà funfun ló máa bá yín wọn ooru ófùn yín. Ṣúgà kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 186 °C, kúkì yín sì ń fẹ́ 175 sí 180. Ẹ fi bébà álúmíníọ̀mù ṣe abọ́ kékeré, ẹ bu ṣúgà ṣíbí kan sí i. Ẹ tan ófùn fún ogún ìṣẹ́jú kó gbóná dáadáa, ẹ gbé ṣúgà náà sí àárín gbùngbùn, ẹ ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá yọ́, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ yí iná sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ṣúgà mìíràn dán an wò. Ibi tí ṣúgà bá ti wà ní wóró wóró, tó sì jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá yí iná sókè díẹ̀ péré ó máa yọ́, ibẹ̀ lẹ ń wá. Ẹ fi ọ̀dà èékánná sàmì síbẹ̀ lára ófùn. Àmì yẹn á wúlò fún yín fún kéèkì pẹ̀lú.

Iná ófùn onígáàsì wa sábà máa ń wà nísàlẹ̀, ìdí kúkì sì máa ń jó kí ojú rẹ̀ tó pọ́n. Ẹ ti páànù méjì bọ inú ara wọn, kúkì á wà lórí tòkè. Ẹ yí páànù padà, kí ẹ̀yìn di iwájú, bó bá di ìdajì àkókò.

Bíbù rẹ̀: ṣíbí ìjẹun kan tó kún dáadáa, nǹkan bíi gíráàmù 30. Ẹ rọ ọ́ rogodo, ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sáàárín wọn. Bẹ́ ẹ bá rí tọ́fì tó yọrí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí nísàlẹ̀, ẹ tì í wọ inú. Tọ́fì tó bá fara kan páànù ló ń jó, òun náà ló sì ń gan. Bébà tẹ́ ẹ fi tẹ́ tọ́fì ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ páànù kúkì náà. Ẹ má fi bọ́tà pa páànù dípò bébà, kúkì á yọ̀ tẹ́ sí i ni.

Ìṣẹ́jú 11 sí 13. Etí rẹ̀ á pọ́n, àárín rẹ̀ á ṣì dà bíi pé kò jinná. Ẹ yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń jinná lọ lórí páànù. Bí tọ́fì kan bá ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó le, ẹ dojú ife kan tó fẹ̀ ju kúkì lọ díẹ̀ dé e, ẹ fi yí i po lórí páànù. Tọ́fì á wọlé padà, kúkì á sì rí róbótó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi méje kí tọ́fì le, kẹ́ ẹ tó kó o kúrò lórí páànù.

Láàárín ìpele kan sí èkejì, àpòpọ̀ tó kù gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Páànù gbígbóná ò gbọdọ̀ gba àpòpọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ kó tutù ná.

Ọmọ Kétu

Ẹni tí kò ní ófùn tó bá ń ka èyí, ìkòkò ńlá tó ní ìdérí ń ṣe é. Ẹ da iyanrìn tó mọ́ tó sì gbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹ gbé òkúta mẹ́ta lé e, ẹ bo ìkòkò, ẹ jẹ́ kó gbóná lórí èédú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wá gbé páànù kékeré lé òkúta náà, ẹ dé e, ẹ kó ẹyinná díẹ̀ sórí ìdérí kí ojú kúkì lè pọ́n. Ó máa ń pẹ́ ju ti ófùn lọ, kúkì mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sì máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Fún ìgbéyàwó kò ní ṣe é. Fún àwọn ọmọ nílé, ó tó.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Mo ti dán ṣúgà yẹn wò lónìí. Ó yọ́ níbi tí mo máa ń fi kéèkì sí! Mo ti wá ibi tó yẹ, mo sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun.

Ọ̀kan tó kù: Sátidé ni ìgbéyàwó, èèyàn tó máa gba kúkì pọ̀, mi ò sì lè yan gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ wo ni kí n bẹ̀rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa gbé e dé Sákété? Ẹnì kan ní kí n fi búrẹ́dì kan ṣoṣo sínú ike kí kúkì má bàa gbẹ.

Aládùn Àjàrá

Ẹ má fi búrẹ́dì sí i o. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún kúkì tí kò ní tọ́fì. Omi inú búrẹ́dì ló ń wọ inú kúkì tó fi ń rọ̀, tọ́fì náà á sì gba tirẹ̀ níbẹ̀, a tún padà sí ibi tí aládùúgbò yín wà.

Tọ́fì ni kẹ́ ẹ ṣe ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ kan ṣáájú, lọ́jọ́ tí oòrùn bá wà.

Olùyan Ouando

Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ po àpòpọ̀ ní ọjọ́rú, ẹ rọ ọ́ rogodo rogodo sórí páànù, ẹ gbé e sínú fíríìsà. Bó bá ti le, ẹ kó o sínú ọ̀rá. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù méjì bí iná bá dúró. Ní ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, láti inú fíríìsà tààrà ni kẹ́ ẹ ti máa gbé e wọ ófùn, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú méjì kún àkókò rẹ̀. Kò sí ìgbà tí kúkì máa ń dúró dáadáa tó ìgbà tó bá ti inú yìnyín wọ iná. Bí iná bá lọ pẹ́ tí àpòpọ̀ náà sì rọ̀, ẹ yan gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má tún dá a padà, torí ẹyin tútù wà nínú rẹ̀.

Kúkì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dé e mọ́nú nǹkan. Èyí tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ á làágùn nínú ike, tọ́fì á sì rọ̀. Ẹ tò ó sínú agolo bísíkíìtì, kí bébà wà láàárín ipele kọ̀ọ̀kan, ẹ di ìrẹsì sínú aṣọ kẹ́ ẹ fi sísàlẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kẹ́ ẹ tó máa pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, méjì méjì, kẹ́ ẹ di ẹnu rẹ̀ pa.

Ní ti Sákété, ẹ má gbé e sínú búùtù mọ́tò, ooru ibẹ̀ pọ̀, ṣokoléètì á yọ́ kẹ́ ẹ tó jáde nílùú. Ẹsẹ̀ èrò ni kó wà, nínú kúlà, láìsí yìnyín nínú rẹ̀, torí omi yìnyín. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ gbéra.

Ìyá Sábẹ̀

Àti pé ẹ fi mẹ́rin mẹ́rin sínú ọ̀rá ti àwọn àna. Méjì kéré.